Òjìji Tó Kọ̀ Tí Kò Dìde Nínú Pósí

Ẹ̀gbà ọwọ́ Olúṣẹ̀yẹ ké bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi. Òkúta àtẹ̀gùn èbúté náà tutù, ewédò ti bò ó, bàtà rẹ̀ sì yọ̀. Ara rẹ̀ tí ìṣubú ti mọ́ lára láti ìgbà èwe fẹ́ ṣe bí ó ti máa ń ṣe: kí apá kan fò lọ sókè, kí ìdí yí bìrí, kí ojú là bí ojú ẹni tó gbé odindi ẹyin mì. Ó sáré kó ara rẹ̀ jọ, ṣùgbọ́n ìdajì ti jáde kí ó tó mú un. Ẹ̀gbà náà ké "fíì, fíì, fíì", ó sì gbóná mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́.

Gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ yíjú. Obìnrin kan tó gbé agbọ̀n ẹja lé ẹsẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà bọ́.

"Bàbá, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é mọ́," ni ọlọ́kọ̀ wí. "Bí Ọ́fíìsì Ojú bá gbọ́ pé inú ọkọ̀ mi lẹ ti ṣe é, èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú."

"Ilẹ̀ ló yọ̀."

"Mo rí i pé ilẹ̀ yọ̀. Ṣùgbọ́n bí ti Ah-Lok lẹ ṣe yọ̀ ọ́." Ọlọ́kọ̀ náà fi àgbọ̀n tọ́ka sókè. "Ẹ jẹ́ kó máa jẹ iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀ ayé."

Olúṣẹ̀yẹ gbé ojú sókè. Lára ilé gíga kan tí odò ti gbé àjà mẹ́ta ìsàlẹ̀ rẹ̀ mì, ojú kan tó tóbi ju ọkọ̀ ogún lọ ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ìlú Guangzhou. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, àlàfo wà láàárín eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì, àwọ̀ rẹ̀ dúdú ó sì ń dán. Olúṣẹ̀yẹ ló ni ojú náà; Ah-Lok ni orúkọ tí wọ́n ń pè é nínú fíìmù. Bí ó ti rí nìyẹn nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ó ti pé mọ́kànlélọ́gọ́ta báyìí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti jìn, irun ti funfun. Àwọn tí wọ́n bá mú pé wọ́n ń sín Ah-Lok jẹ náà ni wọ́n máa ń fi irú ẹ̀gbà yìí sí lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni ọlọ́kọ̀ rò pé ó jẹ́. Kò sì já a nírọ́. Ó fa apá ẹ̀wù bo ẹ̀gbà náà, ó jókòó jẹ́ẹ́ títí wọ́n fi dé Ilé Fíìmù Ẹyẹ Odò.

Àǹtí Fong ti ń dúró dè é. Ó jókòó lórí àpótí oníke kékeré lẹ́nu ọ̀nà, agbòjò lọ́wọ́, sìgá tí kò tàn lẹ́nu. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni, òun ló sì darí fíìmù àkọ́kọ́ tí Olúṣẹ̀yẹ ṣe láyé.

"Ah-Lok, o ti gbẹ bí ẹja orí àjà."

"Àǹtí, ẹ̀yin náà, ẹ ò tíì kú ni?"

"Wọn ò tíì rí pósí tó lè gba ẹnu mi."

Ẹ̀rín gun Olúṣẹ̀yẹ lọ́fun, ó gbé e mì padà. Ẹ̀rín rẹ̀ wà lára ohun tí òfin kà kún dúkìá òjìji, àwòkọ rẹ̀ tí ẹ̀rọ ń gbé jáde nínú fíìmù. Ojú kan, iṣẹ́ kan: bí òjìji ènìyàn bá ń ṣeré níwájú kámẹ́rà, ẹni tó ni ín kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́, ìbá à ṣe níbi ìkómọjáde. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rèé tí Olúṣẹ̀yẹ ti ń gbé ẹ̀rín mì. Nígbà mìíràn ó máa ń wọ balùwẹ̀ lọ ní ọ̀sán, kí ó fi tówẹ̀lì tútù di ẹ̀gbà náà kí igbe rẹ̀ má baà jáde, kí ó sì rìn síwá rìn sẹ́yìn níwájú dígí bí ó ti máa ń rìn nígbà náà. Dígí kì í rẹ́rìn-ín.

"Ó tó ọjọ́ mélòó tí òjìji mi ti dùbúlẹ̀?" ni ó béèrè.

"Mẹ́rin. Òní ló pé márùn-ún. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni Kwan ń bọ̀ láti Ọ́fíìsì Ojú. O mọ òfin."

Ó mọ òfin. Òjìji tí kò bá ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún, pípa ni wọ́n ń pa á rẹ́. Bí wọ́n bá sì ti pa á rẹ́, wọ́n á gé ẹ̀gbà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ojú á di ti onítọ̀hún padà. Ráúfù ọ̀rẹ́ rẹ̀, ará Ìsẹ́yìn tó ń ta tíì ní àdúgbò Xiaobei, ti gbọ́ ìròyìn náà, ó sì ti kó tábìlì kúrò ní igun ilé tíì rẹ̀ láti fi ṣe pèpéle eré fún un. "Ìwọ sáà dé," ni ó wí. "Bí ó jẹ́ ènìyàn mẹ́fà péré ló wá, ènìyàn ẹlẹ́jẹ̀ lára ni wọ́n."

"Ẹ ti wá pè mí ṣe kí ni, Àǹtí? Bí mo bá jókòó sílé, ohun tí mo ń fẹ́ á wá bá mi."

Àǹtí Fong yọ sìgá lẹ́nu. "Ó ń sọ̀rọ̀, Ah-Lok. Èdè ìlú yín ló ń sọ. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ."

Wọ́n wọlé. Inú yàrá iṣẹ́ náà tutù bí inú kànga. Láti òkè àjà, ọgọ́rùn-ún ẹnu páìpù tín-ín-rín ń tú ìkùukùu sílẹ̀, iná sì ń fi ìkùukùu náà ya ènìyàn. Bí wọ́n ṣe ń gbé òjìji dúró nìyẹn: ènìyàn kan á dìde níwájú rẹ, a gbọ́ ohùn rẹ̀, a rí òógùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ á la ara rẹ̀ kọjá. Ilà funfun kan wà nílẹ̀ níbi tí páìpù parí sí. Òjìji kankan kì í kọjá ilà náà.

Pósí gidi kan wà láàárín yàrá, igi dúdú tí wọ́n fi òróró pa. Àwòrán kan wà níwájú rẹ̀ pẹ̀lú òdòdó funfun àti abọ́ tùràrí. Ìran àwàdà ni. Òkú bàbá kan dùbúlẹ̀, àwọn ọmọ ń jà lé e lórí, òkú á sì dìde jókòó láti béèrè pé ta ló wọ sílípáàsì òun. Òjìji Ah-Lok dùbúlẹ̀ dáadáa. Àwọn ọmọ jà. Òkú kò dìde.

Mok, atọ́jú òjìji, jókòó sẹ́yìn ẹ̀rọ rẹ̀. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni, ojú rẹ̀ wú nítorí àìsùn. Ó ti wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gba òjìji náà sílẹ̀. Ó kí Olúṣẹ̀yẹ, ṣùgbọ́n kò wò ó lójú.

"Mo ti pa ẹ̀rọ, mo ti tan án padà nígbà ogún," ni Mok wí. "Mo ti gbé e sí ìran mìíràn. Mo gbé e sí etí òkun, ó dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn. Mo gbé e sí ilé oúnjẹ, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ tábìlì."

"Mo ti sọ ohun tó ṣe é fún yín," ni Àǹtí Fong wí. "Ẹ ò fún un ní àpòòwé pupa."

"Àǹtí, ẹ jọ̀wọ́," ni Mok wí.

"Má ṣe Àǹtí-ẹ-jọ̀wọ́ fún mi! Ah-Lok, ìwọ wí fún un."

Olúṣẹ̀yẹ mọ àṣà náà. Kò sí òṣèré nílùú yìí tí kò mọ̀ ọ́n. Bí ènìyàn bá ṣe òkú nínú fíìmù, kò gbọdọ̀ jáde nínú pósí láìgba àpòòwé pupa lọ́wọ́ olùdarí. Súìtì kan àti owó ẹyọ kan ló máa ń wà nínú rẹ̀. Wàá jẹ súìtì náà lójú ẹsẹ̀ kí kíkorò ikú lè kúrò lẹ́nu, wàá sì ná owó náà kí o tó délé, kí ikú má baà tẹ̀lé ọ wọ yàrá. Lẹ́ẹ̀mẹfà ni Olúṣẹ̀yẹ ti ṣe òkú nígbà tirẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹfà ló sì ti gbà á.

"Ta lẹ wá fún?" ni ó béèrè.

Mok tẹ orí ba. "Wọ́n ní òjìji kò lẹ́nu, kò sì lápò. Ọkùnrin kan wà tí a fi ara rẹ̀ wọn pósí kí òjìji tó dé. Òun ni a fún."

"Ẹ̀yin ènìyàn yìí," ni Àǹtí Fong wí. "Ẹ fún ẹni tí kò kú. Ẹ wá fi ẹni tó kú sílẹ̀ síbẹ̀."

Kí Mok tó fèsì, ohùn kan jáde nínú pósí.

"Àjàgbé o! Àjàgbé!"

Kò sí ẹnì kan ní gbogbo ilẹ̀ Ṣáínà tó mọ oríkì Olúṣẹ̀yẹ yìí. Ìyá rẹ̀ nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì máa ń fa á, bí ẹni tó dúró lẹ́yìnkùlé ní Ìlaró tó ń pe ọmọ wá jẹun. Ohùn Olúṣẹ̀yẹ ni, ìpè ìyá rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ohùn náà rẹlẹ̀, ó di ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun: "Ṣé Màámi ti pè?"

Olúṣẹ̀yẹ yí ẹ̀yìn padà, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti ògiri. Láti kékeré ni wọ́n ti kìlọ̀ fún un: ìpè tí o kò bá rí ẹni tó pè é, má jẹ́ ẹ. Bí òkú ló bá ń pè, ẹni tó bá dáhùn ti gbà láti bá a lọ.

Ó mọ ọjọ́ tí ohùn náà ti wá. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi gba òjìji rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta nínú yàrá kan tí wọ́n tì láti ìta, tó ń rìn, tó ń ṣubú, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń sùn, tí ẹ̀rọ sì ń mu ún bí ilẹ̀ gbígbẹ ti í mu òjò. Ó ti gbọ́ kí ó tó wọlé pé ara ìyá òun kò yá. Ó fún Mok ní fóònù rẹ̀, ó ní, "Bí Màámi bá pè, pè mí." Nígbà tó jáde, ó bá ìpè mẹ́ta lórí fóònù náà tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Ó pe Ìlaró padà. Mopélọ́lá àbúrò rẹ̀ ló gbé e, igbe ló sì fi kí i.

Bẹ́ẹ̀ ni òjìji yìí ti ń gbé inú ọjọ́ mẹ́ta yẹn láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wá. Ó ti ṣe fíìmù méjìdínlógójì. Kò tíì gbọ́.

Àǹtí Fong jáde wá bá a. Ó fi àpòòwé pupa kékeré kan sí i lọ́wọ́.

"Mi ò ní sọ ohun tí wàá ṣe fún ọ," ni ó wí. "Bí o bá dákẹ́ títí di aago mẹ́ta, o di òmìnira. Mi ò ní bínú. Èmi náà fẹ́ rí ọ kí n tó kú, ìwọ gan-an, kì í ṣe ìrì. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú pósí yẹn ń bẹ̀rù, Ah-Lok. Mo ti darí òṣèré fún ọgọ́ta ọdún. Mo mọ ẹni tó ń ṣeré, mo sì mọ ẹni tí ẹ̀rù ń bà."

"Àǹtí, ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ rí mi?"

"Ṣé a lè gbàgbé? A ń wá ẹni tó máa já sómi. O ru ìdì aṣọ bàbá rẹ kọjá, mo ní kí wọ́n tì ọ́."

"Mo jáde nínú omi, mo ń bú yín."

"Bí àwọn obìnrin ẹlẹ́fọ̀ọ́ ti ń búni lo ṣe bú mi! Ọmọ aláwọ̀ dúdú, tí èébú ìyá àgbà ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo wa la wó lulẹ̀. Lẹ́yìn náà lo wá rìn lọ." Ó rẹ́rìn-ín. "Ìrìn yẹn ló sọ ọ́ di Ah-Lok. Gbogbo ayé ló ń rìn ín. Mi ò bi ọ́ rí níbi tí o ti rí i."

Olúṣẹ̀yẹ wo ilẹ̀. "Ìrìn ìyá mi ni."

Ẹsẹ̀ òsì ìyá rẹ̀ kúrú díẹ̀ ju ọ̀tún lọ, àìsàn ọmọdé ló ṣe é. Ó máa ń gbé ọ̀tún, kí ó wọ́ òsì, kí ìdí yí díẹ̀, kí apá kan sì ṣí sílẹ̀ bí ìyẹ́ adìyẹ. Olúṣẹ̀yẹ mú un, ó fi ojú ẹni tó gbé ẹyin mì kún un, àwọn ènìyàn sì ń sunkún ẹ̀rín láti Guangzhou dé Singapore. Nígbà tí wọ́n fi fíìmù àkọ́kọ́ han ìyá rẹ̀ lórí fóònù ní Ìlaró, ó rẹ́rìn-ín pẹ́. Nígbà tó parí ẹ̀rín, ó ní, "Àjàgbé, mo rí ẹni tó ń rìn níbẹ̀ yẹn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bá mi sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ yẹn ló gbé ọ dé iléèwé." Olúṣẹ̀yẹ kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Nínú yàrá, ohùn náà tún ké. "Àjàgbé o!"

Olúṣẹ̀yẹ gbé ara kúrò lára ògiri. Ó wọlé. Ó kọjá ilà funfun, ìkùukùu fún un ní otútù lójú, ó sì kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Ó ronú kan pèpéle Ráúfù, igun ilé tíì náà, àti ènìyàn mẹ́fà ẹlẹ́jẹ̀ lára. Lẹ́yìn náà ó ya ẹnu.

"Mo wà níbí," ni ó wí ní Yorùbá.

Òjìji la ojú. Ojú náà kò ní ìhunjọ kankan. Ó wo arúgbó tó kúnlẹ̀ tì í, ó sì gbìyànjú láti tẹ orí ba bí ó ti dùbúlẹ̀ síbẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni yín? Ojú yín jọ ti bàbá mi."

"Ọmọ Ìlaró ni mí."

"Háà! Ìlaró, níbí yìí? Olúwa ló rán yín wá. Bàbá, ẹ bá mi bi Mok léèrè. Fóònù mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kí ó pè mí bí Màámi bá pè. Wọ́n ní ara wọn ò yá. Ọ̀la ni mo máa parí níbí, màá pè wọ́n lọ́la."

"Kí ló ń sọ?" ni Mok béèrè lẹ́yìn ẹ̀rọ.

"Ó ń béèrè fóònù tó fún ọ."

Mok gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti ṣẹ́. "Ó dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá ṣí ilẹ̀kùn, gbogbo ohun tí a gbà sílẹ̀ á bàjẹ́. Mo fi í sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì, mo da àkísà bò ó kí n má baà gbọ́ ọ mọ́. Mo ṣì ń gbọ́ ọ." Ó fi ọwọ́ nu imú. "Sọ fún un pé ìyá rẹ̀ kò pè. Sọ fún un pé ara ìyá ti yá. Bí ó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ á dìde, gbogbo wa á sì sinmi."

Olúṣẹ̀yẹ mọ̀ pé òótọ́ ni. Irọ́ kan péré, òjìji á dìde, á béèrè sílípáàsì, ayé á rẹ́rìn-ín. Á sì máa sọ "ọ̀la" títí ayé, nínú ìran kan dé òmíràn. Ó wo ojú ara rẹ̀ nínú pósí, ojú tó ń retí, ó sì rí i pé òun kò lè pa irọ́ fún un. Ẹni tó bá ti dáhùn ìpè ti dáhùn.

"Màámi pè," ni ó wí. "Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n pè."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Kò sí ẹni tó gbé e."

"Ẹ bá mi pè wọ́n padà, bàbá. Nísinsìnyí."

"Àjàgbé." Bí ó ti pe oríkì ara rẹ̀ lẹ́nu rí i bí ẹni gbé òkúta gbígbóná sẹ́nu. "Wọ́n ti lọ. Ọjọ́bọ̀ ni, ní ìrọ̀lẹ́. Mopélọ́lá ló pa ojú wọn dé."

Ìkùukùu ń bọ̀ láti òkè, ó ń balẹ̀ sára òjìji.

"Ṣé mo lọ síbi ìsìnkú?" ni ó béèrè níkẹyìn. Ó béèrè bí ọmọ ti ń bi àgbà léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bí i.

"O ò lọ. O ní fíìmù méjì nílẹ̀, wọ́n ní o gbọ́dọ̀ wà nítòsí. O ní tí o bá parí wọn."

"Nígbà tí mo parí wọn ńkọ́?"

"Ẹ̀kẹta dé."

"Kí ni mo wá ń ṣe látìgbà náà?"

"Ò ń pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín."

"Kí ni mo fi ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín?"

Olúṣẹ̀yẹ kò lè wò ó mọ́. "Ẹsẹ̀ wọn ni," ni ó wí. "Ẹsẹ̀ Màámi."

Ojú òjìji yí padà. Mok dìde dúró lẹ́yìn ẹ̀rọ rẹ̀. Wọn kò gba ẹkún sílẹ̀ lára Ah-Lok rí. Wọ́n gba irú ẹ̀rín mọ́kànlá, wọ́n gba ìyanu, wọ́n gba ẹ̀rù, ṣùgbọ́n ẹkún kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀ omi ń kán. Ó ń kán sórí igi pósí, igi náà sì tutù, Olúṣẹ̀yẹ fi ìka kàn án.

"Mi ò sọ pé kí ó sunkún rí," ni Àǹtí Fong wí jẹ́jẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. "Nínú fíìmù méjìlélógójì tí a jọ ṣe, mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí."

Olúṣẹ̀yẹ ya àpòòwé pupa náà. Súìtì atalẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú owó ẹyọ kan. Ó gbé súìtì náà sí ẹnu òjìji, ìka rẹ̀ la ètè tútù náà kọjá.

"Bàbá, mi ò lè jẹ ẹ́," ni òjìji wí.

"Mo mọ̀. Màá bá ọ jẹ ẹ́."

Ó sọ ọ́ sẹ́nu. Adùn rẹ̀ ta á lọ́fun, ata atalẹ̀ náà sì tẹ̀lé e. Ó jẹ ẹ́ tán, ó gbé e mì. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó lọ sí ojú fèrèsé, ó sì ju owó ẹyọ náà sínú odò, nítorí kò sí ìsọ̀ nítòsí. Nígbà tó yíjú padà, òjìji ti jókòó nínú pósí.

Kò béèrè sílípáàsì. Ó gbé ẹsẹ̀ kan jáde, ó gbé èkejì. Ó dúró. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn: ó gbé ọ̀tún, ó wọ́ òsì, ìdí yí díẹ̀, apá kan ṣí sílẹ̀. Ẹ̀gbà ọwọ́ Olúṣẹ̀yẹ bú sígbe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kò mì. Ojú ẹni tó gbé ẹyin mì kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìrìn obìnrin kan ni, tó ti rẹ̀, tó ń darí lọ sílé. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dé ibi ilà funfun. Ó kọjá rẹ̀. Ó kọjá lára Àǹtí Fong, agbòjò ọwọ́ rẹ̀ sì mì, òjìji jáde sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí páìpù kankan kò sí.

Aago mẹ́ta kù díẹ̀ nígbà tí Kwan dé, obìnrin tín-ín-rín kan tó gbé àpótí irinṣẹ́ Ọ́fíìsì Ojú lọ́wọ́. Ó wo pósí òfìfo náà. "Níbo ló wà?"

"Ẹ̀rọ sọ pé òjìji ń ṣiṣẹ́," ni Mok wí.

"Níbo ló ti ń ṣiṣẹ́?"

"Kò sọ."

Kwan mú ọwọ́ Olúṣẹ̀yẹ, ó wo iná kékeré tó ń jó nínú ẹ̀gbà náà. Bí òjìji bá ti parẹ́, iná náà a kú. Kò kú. Obìnrin náà wò ó pẹ́ títí, ó sì sọ ọwọ́ náà kalẹ̀ pẹ̀lẹ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Mi ò lè gé e. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́." Ó tún wo pósí. "Kò sì sí ibi tí mo lè kọ èyí sí nínú ìwé wa."

Àǹtí Fong sin Olúṣẹ̀yẹ dé ẹnu ọ̀nà. Ó fi ọwọ́ gbá a lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, bí ó ti máa ń ṣe nígbà àtijọ́ bí ìran bá dára.

Ọkọ̀ àárọ̀ yẹn náà ló tún bá ní èbúté. Òjò ti dá, oòrùn ń ràn lórí omi, àtẹ̀gùn náà sì ń dán. Olúṣẹ̀yẹ sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin mú, ó jókòó sórí pákó ẹ̀yìn. Ó kó ẹsẹ̀ jọ.

Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ké.

"Bàbá! Kí ni mo bẹ̀ yín láàárọ̀?" ni ọlọ́kọ̀ pariwo.

Olúṣẹ̀yẹ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Méjèèjì dúró sójú kan. "Èmi kọ́," ni ó wí.

Lẹ́yìn rẹ̀, lórí òkúta tútù náà, ó ń gbọ́ ìrìn kan: ọ̀kan a gbé, ọ̀kan a wọ́. Ọ̀kan a gbé, ọ̀kan a wọ́. Kò wẹ̀yìn. Ó sún díẹ̀ lórí pákó kí àyè lè wà, ó sì na ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ rọra o, Màámi," ni ó wí. "Ilẹ̀ ń yọ̀ níbẹ̀ yẹn."

Ọkọ̀ náà tẹ̀ díẹ̀ sí apá ọ̀dọ̀ rẹ̀.